Ẹ Kọ Ibi Tí Ẹ̀yìnkùlé Kọjú Sí Síbẹ̀!

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Ó ti sú mi kí àwọn ejẹ́ǹtì máa polówó ilé fún wa nílùú ọba yìí, kí wọ́n ka yàrá, kí wọ́n ka balùwẹ̀, kí wọ́n sọ iye ìṣẹ́jú téèyàn máa fi rìn dé ibùdó rélùwéè, kí wọ́n wá panu mọ́ lórí ohun kan ṣoṣo tí owó ò lè tún ṣe: ibi tí ẹ̀yìnkùlé kọjú sí.

Kíṣìnnì tó ti gbó, a lè tú u. Kápẹ́ẹ̀tì tó ń rùn, a ó ká a jù nù. Bọ́ílà, fèrèsé, òrùlé, gbogbo ẹ̀ ló ní iye tí wọ́n ń fi tún un ṣe. Ta ló fẹ́ bá mi gbé ilé yí padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọjú sí gúúsù? Bí ẹ̀yìnkùlé bá ti kọjú sí àríwá, àríwá náà ló máa wà títí èèyàn á fi san owó mọ́géèjì, gbèsè tó fi ra ilé, tán, ì báà jẹ́ ọdún 25, ì báà jẹ́ ọdún 30, títí ọmọ á fi jogún ẹ̀.

Ẹni tó wà l'Ékòó tàbí Ìbàdàn lè máa wò ó pé kí la tún ń sọ yìí. Tó bá fẹ́ ra ilé, ohun tó máa bèèrè ni bóyá omi ń ya wọ àdúgbò, bóyá ọmọ onílẹ̀ ti gba tiwọn, bóyá ìwé ilẹ̀ pé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí oòrùn Èkó kì í yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Nígbà Kérésì, ìhà gúúsù ló máa ń wà lọ́sàn-án, ó sì ga dáadáa lójú ọ̀run. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ó ti gba orí wa kọjá bọ́ sí ìhà àríwá. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kì í kàn. Kódà, ibòji làwọn èèyàn wa ń wá kiri.

Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Oòrùn ibí kì í gba orí ẹnikẹ́ni kọjá láé. Nígbà òtútù, ìhà gúúsù ló ń rá pálá gbà látàárọ̀ dalẹ́, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀. Lóṣù kejìlá, lọ́sàn-án gangan, kì í ga lójú ọ̀run ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ (ká ní orí wa gangan ló wà, dígírì 90 nìyẹn). Ẹ gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òrùlé rẹ̀ ga tó mítà 8 síwájú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, òjìji ilé yẹn á gùn tó mítà 30. Ẹ̀yìnkùlé tiwa, tó kọjú sí àríwá, ò tó ìdajì ìyẹn. Ìyẹn ni pé láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹta, òjìji ilé wa ló ń bo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa lọ́sàn-án, ó bò ó dé ìdí ọgbà. Àwọn ilé tó so kọ́ra wọn lọ́tùn-ún lósì ò sì jẹ́ kí ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ráyè wọlé.

Ibi tí àrékérekè wọn wà rèé. Lóṣù kẹfà, oòrùn ọ̀sán máa ń ga tó dígírì 62 ní Lọ́ńdọ̀nù. Òjìji ilé kan náà á wá sún kì, kò ní ju nǹkan bíi mítà 4 lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ya fọ́tò! Ìgbà yẹn ni wọ́n ya ti ilé tiwa: koríko tutù yọ̀yọ̀, àga funfun méjì, oòrùn ń ràn yanran-yanran. Oṣù kọkànlá ni wọ́n wá ń fi fọ́tò yẹn polówó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fún wa pé ká wá wo ilé, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Mo sì bèèrè o. Mo bi ejẹ́ǹtì yẹn pé ṣé oòrùn ń dé ẹ̀yìn ilé yìí. Ó wò mí lójú, ó ní oòrùn ń débẹ̀ gidi gan-an, pé gúúsù nilé náà kọjú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Ojú ilé ló kọjú sí gúúsù, níbi tí a ń to ike pàǹtí sí. Ẹ̀yìn ni mo bèèrè. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni mo bèèrè.

Ẹni tí a sanwó fún pé kó bá wa yẹ ilé wò kọ ìwé gbọọrọ nípa páìpù àti òrùlé. Kò fi ẹyọ gbólóhùn kan kan ẹ̀yìnkùlé.

Kí la ń rí níbẹ̀? Aṣọ tí a bá sá láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ṣì tutù nini, àwọn ṣòkòtò jíǹsì tún máa ń wúwo ju bí a ṣe gbé wọn jáde lọ. A ó wá kó gbogbo ẹ̀ wọlé, a ó tẹ́ ẹ sórí rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru, omi á máa ṣàn lójú fèrèsé, ògiri yàrá àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan dúdú. Òkúta ilẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀.

Màámi wá kí wa láti Ìbàdàn. Wọ́n gbin ewédú sínú ìkòkò, wọ́n tò ó sẹ́yìn ilé. Ewédú hù, ó tín-ín-rín bí òwú, gbogbo ẹ̀ dorí kọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì wó lulẹ̀ kó tó yọ ewé tó tó bù. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé oòrùn kì í wọ ilé yín ni?" Nígbà tí òtútù mú wọn, wọ́n gbé àga lọ síwájú ilé lọ yáàrùn. Ìyá mi, ìyá àgbà, ní àárín ike pàǹtí méjì, àwọn tó ń kọjá lọ ń wò wọ́n! Ilé tí a jẹ gbèsè ọ̀pọ̀ ọdún lé lórí nìyẹn o. Àwọn oníṣègùn ibí gan-an ló ń sọ pé kí àwa aláwọ̀ dúdú máa rò ó láti lo fítámì D látọdún dọ́dún, torí oòrùn tí à ń rí ò tó.

Òfin ní kí wọ́n fi ìwé EPC, tó ń fún ilé ní máàkì látorí A dé G, hàn fún ẹni tó fẹ́ ra ilé, kó lè mọ bí ilé náà ṣe ń jẹ iná. Ó dáa. Fèrèsé tó bá ti ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ọdún 20 ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ọdún 1832 tó fi jẹ́ pé aládùúgbò ò lè kàn mọlé dí i bó ṣe wù ú. Ìyẹn náà dáa. Ẹ̀yìnkùlé ò rí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Àwọn kan á ní kọ́ńpáàsì wà lórí fóònù. Ẹ lò ó o, mo bẹ̀ yín. Ẹ ṣí máàpù: òkè máàpù ni àríwá, bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìnkùlé wà lókè ilé, àríwá nìyẹn. Tó bá wà lápá ọ̀tún, oòrùn àárọ̀ lẹ máa rí. Tó bá wà lápá òsì, ti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé olùrà ni yóò máa ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lórí ohun tí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ olùtà ti mọ̀ dájú?

Wọ́n mọ̀ ọ́n o. Ilé tó wà ní òdìkejì títì wa ti wọ ọjà báyìí. Ilé kan náà ni, yàrá iye kan náà, ejẹ́ǹtì kan náà. "Ẹ̀yìnkùlé kọjú sí gúúsù" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpolówó, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, wọ́n sì bu owó lé e nítorí rẹ̀. Tí wọ́n bá lè kọ gúúsù láti fi gbowó, kí wọ́n kọ àríwá náà síbẹ̀ kí wọ́n fi dín in.