Ẹ̀gbọ́n, Ẹ Ka Ara Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ilé àkọ́kọ́ ṣì ń jẹ gbèsè báńkì lọ́wọ́, ẹ tún ra ìkejì tó ní táyà, trailer tí yóò máa sá tẹ̀lé pickup yín kiri Amẹ́ríkà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó tó máa kẹ́rù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà pickup yẹn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo òpó rẹ̀. Ṣé ẹ rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn? Òun ló yẹ kí ẹ ti kà kí ẹ tó sanwó.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju 1,150 pọ́ùn lọ. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kò mẹ́nu kàn án, 6,500 ló ń pariwo. Irọ́ kọ́ ni 6,500, iye tí ọkọ̀ lè wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà J2807, tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń wọn ohun tí ọkọ̀ lè wọ́, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, èèyàn méjì péré ni ìlànà náà sì kà sínú ọkọ̀, 150 pọ́ùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n, 150! Ta ló kù nínú ẹgbẹ́ yín tó ṣì jẹ́ 150? Àfi bí a bá sọ ikùn kalẹ̀ sílé kí a tó gbéra.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìwé tó bá trailer wá ní 4,200 ni. Òfìfo nìyẹn: kò sí omi, kò sí àwo, kò sí aṣọ. Gálọ́ọ̀nù omi kan jẹ́ 8.3 pọ́ùn; ẹ rọ ọgbọ̀n gálọ́ọ̀nù, nǹkan bí 250 ti wọlé. Ẹ fi gáàsì kún un, ẹ fi bátìrì kún un, ẹ fi kúlà méjì àti ìkòkò tí ìyàwó ní òun kò lè fi sílẹ̀. Ó ti di 5,200. Nínú rẹ̀, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ tẹ ìdí pickup mọ́lẹ̀. Ẹ mú 650; ara ẹrù pickup nìyẹn náà. Irin hitch onísípíríǹgì tó so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, òun fúnra rẹ̀ tó 90. 1,150 yọ 650, yọ 90, ó ku 410. Ẹ̀yin jẹ́ 220. Ìyàwó ní òun jẹ́ 180, a kò ní bá wọn jiyàn. Ó ku pọ́ùn mẹ́wàá.

Àwọn ọmọ méjì tó jókòó sẹ́yìn ńkọ́? Ṣé wọn á wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa níbẹ̀ ni? Odó tí mo rí lẹ́yìn pickup yẹn ńkọ́?

Ẹ má wulẹ̀ ní mo ń ta yín láyà. Tacoma ni o, Ranger ni o, Frontier ni o, ibi tí gbogbo pickup kékeré wọ̀nyí ti ń ṣubú nìyí: ẹ́ńjìnnì lè wọ́ ọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kò lè rù ú. Ẹ da omi nù, kí ẹ rọ òmíràn tí ẹ bá débẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí CAT Scale, ìwọ̀n tí àwọn onítírélà ń lò níbi tí wọ́n ti ń repo. Ó máa wọn ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ trailer lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò mọ ojú èèyàn, kò gba ẹ̀bẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé odó sí ìdí trailer kí ìdí pickup lè fúyẹ́. Bí orí trailer bá fúyẹ́ ju ìdá mẹ́wàá lọ, ìdí ló máa fi jó. Á kọ́kọ́ máa mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìlù lókèèrè. Tírélà ńlá kan á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gbá a, ó di bàtá! Lọ́jọ́ yẹn, ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀ lójijì, ẹ má sì máa já sítíárìn sọ́tùn-ún sósì. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin, kí ẹ wá fi ọwọ́ fún bíréèkì trailer nìkan, lára àpótí kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àdúrà dáa, àmọ́ ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé.

Àpótí yẹn kì í sábà bá pickup kékeré wá. Ẹ yẹ ihò wáyà tó wà nídìí ọkọ̀ wò: tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́rin, iná lásán ló ń gbé, kò gbé bíréèkì. Ẹlẹ́nu méje la fẹ́. Tí wọ́n bá ti so àpótí náà, ẹ lọ sí ilẹ̀ òfìfo, ẹ sá eré 25 máìlì ní wákàtí, kí ẹ fọwọ́ fún bíréèkì trailer. Bí táyà rẹ̀ bá dì gbagidi, ẹ dín agbára bíréèkì kù lára àpótí. Bí kò bá fà yín sẹ́yìn rárá, ẹ fi kún un.

Ó ku bí a ṣe ń so trailer mọ́ ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù irin ló wà nídìí pickup, tí ẹnu trailer máa gbé mì. Orí bọ́ọ̀lù 2 íǹṣì àti ti 2 5/16 jọra bí ìbejì. Táíwò á wọ ẹnu tí wọ́n ṣe fún Kẹ́hìndé, ẹ ó rò pé ó ti dì mọ́ ọn, gègélè àkọ́kọ́ ló máa tú u sílẹ̀. Nọ́ńbà wà lára bọ́ọ̀lù àti ẹnu trailer, ẹ kà á. Tí ẹ bá ti tì í pa, ẹ fi jáàkì iwájú trailer gbé e sókè díẹ̀. Bí ìdí pickup bá bá a gòkè, ó ti wọlé. Bí trailer bá ń dá gòkè, orí bọ́ọ̀lù ló kàn jókòó lé. Ṣéènì méjèèjì, ẹ gbé wọn kọjá ara wọn lábẹ́, kí wọ́n lè gba orí trailer tó bá já. Okùn wáyà tín-ín-rín yẹn, ara ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ara ṣéènì: bí trailer bá já, òun ló máa fa bíréèkì rẹ̀, bátìrì trailer ló sì ń lò. Bátìrì tó ti kú kò gba ẹnì kankan là.

Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀nba ni ká sáré. Táyà trailer míì wà tó jẹ́ pé 65 máìlì ní wákàtí péré ni wọ́n ṣe é fún. Ní California, òfin ní 55. Epo á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nítorí ògiri lẹ ń wọ́ gba inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, jíà kékeré ni kó dá ọkọ̀ dúró, kí bíréèkì má baà gbóná títí tí kò fi ní mú mọ́.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ máa fi ẹ̀yìn wọlé. Ọwọ́ kan sísàlẹ̀ sítíárìn: ibi tí ẹ bá ti ọwọ́ sí ni ìdí trailer máa lọ. Ìyàwó á máa pariwo "wá, wá, wá, kọ́ ọ sósì!" Bí ẹ kò bá ti rí wọn nínú dígí, ẹ dúró. Àwọn òyìnbó á gbé àga wá wòran, ẹ má dá wọn lóhùn. Kí ẹ tó tú u kúrò lára ọkọ̀, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà níwájú àti lẹ́yìn, bí ọmọ ọkọ̀ mólùè ṣe máa ń ṣe.

Wẹ́ẹ̀jì dà? Ẹ gbàgbé ẹ̀ sílé? Kí lẹ ń nà sí mi yẹn? Ẹ̀gbọ́n, ọmọ odó rèé, rógódó ló rí, yíyí ló máa yí!