Bá A Ti Ń Ṣe Nílé Wa, Èèwọ̀ Ibòmíràn

Àbúrò mi kan ń múra àtilọ sí Jámánì, níbi tí mo gbé fún ọdún díẹ̀ kí n tó padà wá sí Yábàá. Gbogbo ẹbí ló ń gbà á nímọ̀ràn nípa òtútù àti físà. Ọ̀rọ̀ ilé sinimá ni temi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré o.

Àwa ọmọ Èkó, gúgúrú àti ẹ̀pà ò ṣe é yà nípá. Jíjẹ rẹ̀ gan-an ní ìlànà: wàá da ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, wàá fi ọwọ́ kejì ra á títí èèpo á fi bó, wàá wá fẹ́ ẹ dànù, fùù!

Ohun tí mo ṣe nìyẹn nínú òkùnkùn ilé sinimá kan lọ́hùn-ún. Mo ti ra gúgúrú, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sẹ́nu, àfi ṣúgà! Mi ò mọ̀ pé oníṣúgà ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé ẹni tó bá ń fẹ́ oníyọ̀ ni yóò béèrè. Mo bá yọ ẹ̀pà tí mo gbé láti ilé jáde, kó lè bá mi pa adùn náà lẹ́nu. Mo ra á, mo fẹ́ ẹ. Nígbà tí iná tàn, èèpo pupa ti bo èjìká ẹ̀wù òtútù dúdú obìnrin tó jókòó níwájú mi. Kò bú mi. Ó ṣa èèpo kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì ń wojú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Bá a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn." Lẹ́nu ẹni tó ń bínú ni mo ti sábà ń gbọ́ òwe yìí, bíi pé pàṣán tí wọ́n fi ń na àlejò ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà lò. Èèwọ̀ ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ìwà burúkú. Ìdílé tí kì í jẹ òkété kò ní tìtorí ìyẹn sọ pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í ṣe ọmọlúàbí. Onílé ló ni èèwọ̀ rẹ̀, àlejò ló ni ìbéèrè.

Èèwọ̀ náà a sì máa yí padà. Ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn á rò pé gúgúrú àti sinimá jọ dáyé ni, ọ̀pọ̀ ilé sinimá ńlá ni kò fẹ́ rí i níbẹ̀rẹ̀, nítorí kápẹ́ẹ̀tì wọn. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929 ni wọ́n rí i pé owó gúgúrú lè gbé ilé ró. Ní Íńdíà, sàmósà ni wọ́n ń jẹ bí fíìmù bá dá dúró láàárín, sàmósà kan náà tí à ń jẹ lóde ìnáwó níbí.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 1903 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó ní Glover Memorial Hall, a ti sọ ọ́ di tiwa. À ń bá ẹni inú fíìmù sọ̀rọ̀: "Má wọlé o! Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn!" Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwà ará oko. Mo kàn sọ fún àbúrò mi pé kó pa á mọ́ sínú nígbà tó bá débẹ̀, kó kọ́kọ́ wo bí àwọn tó yí i ká ṣe ń ṣe.

Lánàá ó gbé ìgò ẹ̀pà mẹ́ta wọlé láti Ojúẹlẹ́gba. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣì gbé wọn lọ?"

Mo ní kó gbé wọn. A tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, àwa méjèèjì jókòó tì í, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀pà, à ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù nílé.