Béélì Tí Agbára Tálákà Kò Ká

Nínú Léfítíkù orí 5, ẹni tó bá ṣẹ̀ mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká àgùntàn, kó mú àdàbà méjì wá; bí kò bá rí ìyẹn náà, kó bu ìdá kan nínú mẹ́wàá òṣùwọ̀n éfà ìyẹ̀fun. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, ìdáríjì kan náà sì ni, àmọ́ Ọlọ́run wo ọwọ́ oníkálukú kó tó dárúkọ ohun tí yóò mú wá. Àwọn òbí Jésù pàápàá, ẹbọ àwọn tí kò ní àgùntàn ni wọ́n rú nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì (Lúùkù 2:24).

Àwọn májísíréètì wa kì í wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fún alágbàṣe tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn ní béélì ₦200,000 pẹ̀lú onídùúró méjì: kí ọ̀kan jẹ́ ẹbí rẹ̀, kí èkejì ní ilé tàbí ilẹ̀ ní agbègbè kóòtù, kí àwọn méjèèjì mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wá, kí òṣìṣẹ́ kóòtù sì lọ fojú rí ilé wọn. Ẹbí ló máa ń wá owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀, ayálégbé ni gbogbo ẹni tí alágbàṣe yìí mọ̀, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà kò sì ní ìwé owó orí kankan. Bí ìwé kò bá pé kí kóòtù tó kógbá sílé lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi tàbí Kirikiri. Wọn á máa sún ẹjọ́ síwájú níbẹ̀, nítorí wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó ṣèwádìí lọ sí ìlú mìíràn. Nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga l'Ábújá pé òun lọ́wọ́ nínú kíkó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá jẹ, ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà. Adájọ́ ní kó ṣẹ̀wọ̀n tàbí kó san ₦750,000. Ó san án. Ó di ọdún 2018 kí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Àwọn arúgbó tó ni owó ńkọ́?

Òfin kò wọ́n wa. Abala 165 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní béélì kò gbọdọ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí adájọ́ kọ́kọ́ bi olùjẹ́jọ́ ní iye tó ń rí lóṣù, kó tó dárúkọ owó. Kó sì jẹ́ kí olùkọ́, ìyálọ́jà tàbí àlùfáà tó mọ̀ ọ́n dáadáa dúró fún ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kéré. A kò sọ pé kí wọ́n tú ọ̀daràn sílẹ̀: Léfítíkù 19:15 kọ ojúsàájú sí tálákà, bó ṣe kọ ọ́ sí alágbára.

Ìjọ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Jákọ́bù orí 2 bá àwọn tó ń fún olówó ní àga iwájú wí, síbẹ̀ ẹni tó ń jẹ́jọ́ owó ìlú ṣì ń jókòó síwájú lọ́jọ́ ìkórè. Ìjọ tó ní onílé, agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ ìjọba lè yan ìgbìmọ̀ onídùúró. Kí wọ́n gba orúkọ àwọn tí kóòtù ti fún ní béélì tí kò rí onídùúró lọ́wọ́ àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n wádìí ilé àti iṣẹ́ wọn, kí ọmọ ìjọ méjì fọwọ́ sí ìwé. Bí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ, onídùúró ló máa san owó náà. Nítorí náà, kí ẹnì kan máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì bá a lọ sí kóòtù ní gbogbo ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.