Ta ló ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni kó máa bá yín gba gbèsè?

Ní Ìlọrin níbí, bóyá Ọjà Ọba lẹ ti ń tajà ni o, tàbí Ìpàta, tàbí Mandate, bí kọ́sítọ́mà bá ti gbọjà àwìn tí kò sanwó, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé "fọlọ́pàá gbé e jàre". Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́, àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní Tankẹ náà ń sọ ọ́. Ó ti wọ gbogbo wa lórí pé ẹni tó jẹ èèyàn lówó, ọ̀daràn ni, tẹ́ṣàn ló sì yẹ kó ti lọ sanwó náà. Irọ́ ni o. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀, òdìkejì ẹ̀ gan-an ló sọ.

Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020, Police Act, abala 32 ẹ̀ sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé kò mú àdéhùn ṣẹ nìkan, tàbí torí aáwọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Abala 36 tún ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹlòmíì dípò ẹni tí wọ́n ń wá, torí náà gbogbo eléyìí tí wọ́n máa ń lọ gbé ìyàwó ilé tàbí ìyá arúgbó torí pé ọkọ tàbí ọmọ ti sá lọ sí Èkó, kò bófin mu rárá. Kì í sì í ṣe ọlọ́pàá nìkan. Lọ́dún 2018 Supreme Court, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Nàìjíríà, dá ẹjọ́ kan, Diamond Bank ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fa EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, wọ inú ọ̀rọ̀ owó tí báńkì àti kọ́sítọ́mà jọ ní, àwọn adájọ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé iṣẹ́ EFCC kọ́ ni láti máa parí ìjà tó bá ti inú àdéhùn òwò lásán jáde.

Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ṣebí ọlọ́pàá bá lágbájá gba tiẹ̀, owó sì jáde. Òótọ́ ni, ó máa ń jáde nígbà mìíì, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ń lọ. Ẹ dé káńtà, ẹ kọ sítétímẹ́ǹtì, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá owó epo tí mọ́tò máa fi lọ gbé e. Wọ́n gbé e dé, wọ́n ní kó bọ́ bàtà, kó bọ́ bẹ́líìtì, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ìrọ̀lẹ́ lẹ, àwọn ará ilé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kìtàkìtà, wọ́n kó ẹgbẹ̀rún mélòó kan wá, ó sáìnì ìwé pé òun á san ìyókù lóṣooṣù. Nínú owó tí wọ́n kó wá yẹn, ẹni tó gbé e á ti yọ tiẹ̀ kó tó kàn yín. Oṣù tó tẹ̀lé e, kò wá. Ẹ padà sí tẹ́ṣàn, wọ́n ti gbé ọ̀gá tó mọ ẹjọ́ yín lọ sí ibòmíì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí owó epo.

Ìwé tó sáìnì ńkọ́? Tó bá dé iwájú adájọ́, tí onígbèsè ní inú àtìmọ́lé ni wọ́n ti fipá mú òun sáìnì ẹ̀, ó lè di ìwé lásán.

Èyí tó wá burú jù ni pé omi lè ti ẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Onígbèsè yìí lè gba Háíkọ́ọ̀tù lọ, kó ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú láìbófin mu, wọ́n gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún un kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló máa pè lẹ́jọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ran ọlọ́pàá sí i náà á wà níbẹ̀. Ẹ wò ó, ẹni tó jẹ yín lówó lẹ tún máa wá sanwó fún.

Láyé àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá, orí òṣó ni wọ́n máa wà lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ariwo àti ìtìjú ni wọ́n fi ń gba tiwọn, wọn ò ní sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa tì í mọ́.

Ṣé ọlọ́pàá ò wá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó láé ni? Ó ní o, ibi tó sì ti máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú nìyí. Ẹni tó gba ìrẹsì ogún àpò lọ́wọ́ yín, tó fẹ́ tà á lóòótọ́, tí ọjà wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, gbèsè ló jẹ. Ẹni tó mú yín lọ wo ilẹ̀ tó mọ̀ pé kì í ṣe tòun, tó gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín, jìbìtì nìyẹn, irọ́ ti wà níbẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Òfin tó wà fún ìyẹn ni Advance Fee Fraud Act ti 2006, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sí pé kó sanwó dípò. Sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí náà ní òfin tiẹ̀, láti 1977 ló ti wà, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni, ìyẹn tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí báńkì láàárín oṣù 3. Ìwọ̀nyí, ẹ gbé wọn lọ sí tẹ́ṣàn.

Èyí tó kù, kọ́ọ̀tù ni. Mi ò ní sọ fún yín pé kọ́ọ̀tù yá o, torí ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń sáré lọ sí tẹ́ṣàn nìyẹn, ẹjọ́ á pẹ́, lọ́yà á gbowó, adájọ́ ò ní jókòó lónìí, lọ́la wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá. Ní Èkó wọ́n ti dá kọ́ọ̀tù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ láti 2018, owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, wọ́n sì fẹ́ kó parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Kwara, Éríà Kọ́ọ̀tù àti Májísíréètì ni gbèsè kékeré máa ń lọ, èyí tó bá tóbi á lọ Háíkọ́ọ̀tù. Tí gbèsè bá ṣe kedere, tí ẹni náà ò ní àwíjàre kan, ẹ bi lọ́yà yín nípa ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní undefended list, adájọ́ lè dá a láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Tẹ́ ẹ bá sì jàre, kọ́ọ̀tù lè pàṣẹ fún báńkì pé kó yọ owó náà nínú àkáǹtì onígbèsè fún yín, garnishee ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni ò sì ní bọ́ bàtà.

Àwọn kan á tún ní àwọn ò ní ágírímẹ́ǹtì. Àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni, ẹ ṣáà ní ẹ̀rí. Tíráńsífà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ńkọ́? Fóísì nóòtù tó fi ní "ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe sùúrù, mo máa san án kí oṣù tó parí" ńkọ́? Evidence Act ti 2011, abala 84, gba ẹ̀rí inú fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé, sáfíkéètì kan ni lọ́yà máa so mọ́ ọn. Torí náà ẹ má pa WhatsApp yẹn rẹ́ nítorí ìbínú.

Tó bá sì jẹ́ pé Alfa tàbí baálé ló fẹ́ bá yín parí ẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ju kọ́ọ̀tù lọ, àmọ́ kí wọ́n kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò sí sílẹ̀, iye owó, ọjọ́ tó máa san án, kí ẹ̀yin méjèèjì sáìnì, kí ẹlẹ́rìí náà sáìnì. Tí kò bá wá san án, ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ fún lọ́yà. DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn, tó bá sì ní kẹ́ ẹ máa gbé ẹjọ́ gbèsè yín lọ sí kọ́ọ̀tù, ẹ má bú u pé wọ́n ti fún un ní rìbá, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.