Páálí Indomie Ti Ra Aṣọ Ẹbí

Sátidé tó gbẹ̀yìn họlidé sáà tó kọjá, mo jí, mi ò ríbi gbẹ́sẹ̀ lé nínú pálọ̀ ara mi. Páálí ni! Páálí Indomie mẹ́fà, páálí mílíìkì mẹ́rin, tó fi dórí èyí tí tẹlifíṣọ̀n bá wọlé, tí mo rọra tọ́jú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù torí ọjọ́ tá a bá máa kó kúrò nílé yìí. Ìyàwó mi, tíṣà Nọ́sìrì Kejì, ló jókòó sáàárín wọn, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, téèpù télọ̀ lọ́rùn.

"Bàbá Fọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di etí ibí yìí mú. Ó ń ká."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"A fẹ́ wọṣọ fún un ni."

Fún páálí o.

Níbi tá a bá ayé dé, páálí tí tíṣà ń kó ohun èlò ìkọ́ni sí ní kíláàsì kì í jáde níhòòhò mọ́ nílé ìwé aládàáni. Bébà funfun lẹ ó kọ́kọ́ fi bò ó, kí àwòrán Indomie má baà yọjú. Ẹ ka ìyẹn sí yẹ̀rì. Ànkárá lé e, ìró nìyẹn. Ríbọ́ọ̀nù lọ́rùn, gílítà lójú. Kíláàsì kan, àwọ̀ kan: Nọ́sìrì Kìíní wọ àwọ̀ ojú ọ̀run, tiwa wọ àwọ̀ ọsàn, Puráímárì Kìíní wọ àlùkò. Ó ku alága ìdúró àti ẹni tí yóò náwó fún wọn.

Ẹ má bi mí pé ta ló ń sanwó. Ilé ìwé ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Ìyàwó mi ló lọ Gbági, òun ló ra yáàdì mẹ́ta. Ìró tí òun fúnra rẹ̀ ró lọ sípàdé ẹbí lọ́jọ́ kejì ti ṣí. Páálí tó fi ọdún mẹ́ta wá, ìyẹn NCE, wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó wọṣọ fún un.

Fóònù ló fà á. Lọ́jọ́ ìwọlé, Mọ́mì Onílé-ìwé á yí kíláàsì ká. Páálí tó bá dán jù ló ń bọ́ sórí WhatsApp status, kí àwọn òbí tó ń wá ilé ìwé kiri lè rí i. Kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ọmọ tó ti mọ 1 dé 20 kà. (Ìyẹn kì í dán.) Àwọn tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1955, síléètì àti igi ìṣirò ni wọ́n gbé dání, inú agolo nigi náà sì ń gbé láìwọ léèsì. Ṣé wọn ò mọ ìṣirò ni? Ẹ jẹ ọ̀kan nínú wọn lówó kẹ́ ẹ wò ó.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó mi ní kíláàsì. Orí ṣẹ́ẹ̀fù tó ga jù ni wọ́n to àwọn olóyè náà sí. Ọmọkùnrin kan, imú ń ṣàn, fẹsẹ̀ gun àga, ó nawọ́ sí èyí tí wọ́n kọ MATHS CORNER sí lára.

"Má fọwọ́ kàn án! Ó máa ya!" ìyàwó mi ló ké bẹ́ẹ̀.

Èmi wá yọjú wo inú páálí náà. Sílípáàsì tíṣà, ìdajì ọ̀rá ẹ̀pà, agbòjò tó ti ṣẹ́. Ìdérí ìgò tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìṣirò wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ọ̀rá dúdú, níbi tọ́wọ́ ọmọ ti lè tó o.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò rò mọ́ ọn ni sítáàṣì. Gọ́ọ̀mù ti wọ́n, nítorí náà sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi lẹ gbogbo aṣọ yẹn, nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni wọ́n sì ti rò ó. Oúnjẹ aáyán sì ni. Lọ́jọ́ táwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, Mọ́mì Onílé-ìwé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páálí tó rẹwà jù lójú gbogbo ayé. Aáyán tú jáde tìyátọmọ, gbogbo wọn wọ búráùn kan náà.

Ìyàwó mi dé lálẹ́, ó ní wọ́n ti fòfin de páálí, kí kálukú lọ ra ike oníderí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ike ní àwọ̀ tirẹ̀ látọjà, kò nílò aṣọ.

"Bàbá Fọlá," ó ní, "owó yáàdì mẹ́rin lẹ máa bá mi wá báyìí. Ike tóbi ju páálí lọ."