Góòlù Háítì tí wọ́n kó sínú àpótí igi

Láti àná ni inú ti ń bí mi. Bùrọ̀dá kan ló kọ ọ́ sí gúrúùpù WhatsApp wa pé ìlú tí ò bá lè ṣàkóso ara ẹ̀, kí Amẹ́ríkà kúkú gbà á lọ́wọ́ wọn, pé ìgbà tí Amẹ́ríkà fi wà ní Háítì láyé ọjọ́un ni nǹkan gún régé níbẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń kín in lẹ́yìn! Mi ò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ ká tibi owó bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kejìlá 1914, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì pa ààrẹ tí wọ́n fi ń ṣàwáwí, àwọn ṣọ́jà Marines Amẹ́ríkà sọ̀kalẹ̀ ní Port-au-Prince, olú ìlú Háítì, wọ́n wọ bánkì ìjọba lọ́sàn-án, wọ́n kó góòlù 500,000 dọ́là jáde nínú àpótí igi, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ogun Machias, ó di New York. Owó Háítì ni o. Bánkì ọ̀hún gan-an, orúkọ Háítì ló ń jẹ́, àwọn òyìnbó France àtàwọn olówó New York ló ni ín.

Ìgbà tó di July 1915 táwọn èrò pa Ààrẹ Vilbrun Guillaume Sam, ọjọ́ yẹn náà ni Marines gúnlẹ̀, ó di 1934 kí wọ́n tó kúrò. Ọdún mọ́kàndínlógún! Kọ́sítọ́ọ̀mù bọ́ sọ́wọ́ wọn. Òfin tí ò jẹ́ kí àjèjì ra ilẹ̀ látìgbà Dessalines, olórí wọn àkọ́kọ́, ilé aṣòfin kọ̀ láti yí i, wọ́n tú ilé aṣòfin ká ní 1917, wọ́n sì yí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Bùrọ̀dá ní wọ́n ṣe títì. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ta ló gbẹ́ ẹ? Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n lọ mú lábúlé ni, wọ́n so wọ́n lókùn lọ sẹ́nu iṣẹ́ tipátipá, ọmọ ọmọ àwọn tó fọwọ́ ara wọn já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n sì gbòmìnira ní 1804. Ó ń dùn mí torí ẹ̀jẹ̀ tiwa náà wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń pe Ogou, ìyẹn Ògún, wọ́n ṣì ń dárúkọ Nago, ìyẹn Yorùbá.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́. Ohun tí bùrọ̀dá fi dá mi lóhùn ni pé ta ló fọwọ́ sí àdéhùn 1915 tó fi owó Háítì sábẹ́ Amẹ́ríkà? Dartiguenave, ààrẹ tó jẹ lẹ́yìn Sam, ọmọ Háítì. Ta ló dìbò yàn án? Ọmọ Háítì. Mo fẹ́ sọ pé ìbọn wà lọ́rùn wọn, ìbọn sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò kan wà lórí fóònù mi. Charlemagne Péralte ni, tó kó àwọn àgbẹ̀ jọ bá wọn jà, ṣọ́jà kan kun ojú ara ẹ̀ dúdú kó tó ráàyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pa á ní 1919. Wọ́n so òkú ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ìhòòhò àfi aṣọ díẹ̀ nídìí, àsíá lẹ́yìn orí ẹ̀, wọ́n yà á, wọ́n há a káàkiri kẹ́rù lè ba àwọn èèyàn. Àwọn èèyàn wò ó, Jésù orí àgbélébùú ni wọ́n rí.

Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá. Mi ò tíì fi ránṣẹ́, torí mi ò mọ ohun tí òun máa rí níbẹ̀.