Ṣé koríko orí omi lè dín agbára ìgbì òkun kù?

Ọmọ Àbígí: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kà á pé koríko tó léfòó, tí gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú omi, máa ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì kó tó dé etí ilẹ̀, bí wọ́n bá fi okùn àti ìdákọ̀ró so ó mọ́lẹ̀. Ṣé a ò lè ṣe irú ẹ̀ ní Òde-Omi, létí òkun Ìpínlẹ̀ Ògùn? Ẹ wo bí òkun ṣe ń gbé ilé lọ ní Ayétòrò, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Koríko wo? Èyí tó ń dí wa lọ́nà ní Màkún? Ẹ wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́! Tó bá ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àfi kéèyàn máa fi ọ̀bẹ gé e.

Ọmọ Ṣàgámù: Màkún tiwa kọ́ nìyẹn o, Ṣàgámù ò lódò tó bẹ́ẹ̀. Àbí Ìjẹ̀bú ti ra òkun? 😂

Ọmọ Òde-Omi: Màkún-Omi ni màmá ń wí, ará Rẹ́mọ. Wo máàpù, Ogun Waterside ò fara sin. Òkun gidi ló wà níwájú ilé bàbá mi.

Ọmọ Ṣàgámù: Òkun Èkó ló ṣèèṣì yà sọ́dọ̀ yín.

Tíṣà: Water hyacinth ni koríko tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń wí, 1984 ló gba Badagry wọlé. Iyọ̀ òkun ń pa á. Lórí ọ̀sà, ó lè rọ ìgbì kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń rú sókè. Ìgbì gígùn tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lójú òkun, abẹ́ koríko ni yóò gbà kọjá.

Baba Ìwópin: Ẹ gbin ẹ̀gbà (mangrove).

Gàárì Kíkan: Ẹ da gàárì Ìjẹ̀bú sókun. Tó bá wú tán, ìgbì ò ní rọ́nà.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Gàárì tó gbówó lórí báyìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ọmọ Àbígí: Baba, inú ẹrọ̀fọ̀ ni ẹ̀gbà ń hù, iyanrìn tí ìgbì ń gbá lójú kò gbà á. Tíṣà, sargassum, koríko òkun tó ń wọ́ wá sétíkun wa láti 2011 ńkọ́? Òun ń gbé inú iyọ̀.

Baba Ìwópin: MO NÍ Ẹ̀GBÀ!

Ọmọ Òde-Omi: Ṣàgámù, o tilẹ̀ ti wẹ̀ lókun rí?

Ọmọ Ṣàgámù: Bar Beach, kí wọ́n tó da iyanrìn dí i.

Ọmọ Òde-Omi: Ẹ ò rí i? Èkó náà ló sá lọ! Jẹ́wọ́ pé a lókun.

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ ní ọ̀sà.

Ọmọ Òde-Omi: ÒKUN!

Alákàrà Ìkẹ́nnẹ́: Ìyá Ẹlẹ́ja, èló lẹ ń ta àrọ̀ báyìí?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Tútù àbí yíyan? Wá sí ínbọ́ọ̀sì.